Ta Ni Yóò Sọ Òótọ́ fún Bíṣọ́ọ̀bù?



Iṣẹ́ tí a rán mi ní ìrọ̀lẹ́ yìí ni láti sọ̀rọ̀ lórí ìwà àwọn aṣáájú nínú ìjọ Kristi, àti bí wọ́n ti ń bá ara wọn àti àwọn tí ó wà lábẹ́ wọn gbé. Ọ̀rọ̀ tí ó rọrùn láti sọ ni, bí a bá fẹ́ sọ ọ́ bí a ti máa ń sọ ọ́ lọ́jọ́ ìsinmi, kí oníwàásù ka ìrẹ̀lẹ̀, ìfẹ́ àti sùúrù kalẹ̀, kí ìjọ dáhùn pé àmín, kí olúkúlùkù sì gba ilé rẹ̀ lọ láìsí ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ náà bà. Èmi kò fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ni mo fẹ́ mú wá síwájú yín, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tẹ ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wa yìí kí ojú irin tó dé Minna, kí a tó máa pe ibí ní ìlú ńlá, ẹni tí ọ̀tá rẹ̀ pàápàá kò lè pè ní ènìyàn burúkú, síbẹ̀ tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dàrú mọ́ ọn lójú nítorí pé àjọṣe àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe é ti bàjẹ́. Mo gbà pé orí àga ìwàásù kọ́ ni a ti ń mọ ìwà aṣáájú. Ibi tí òótọ́ ti gbọ́dọ̀ kọjá láàrin òun àti ẹlòmíràn ni a ti ń mọ̀ ọ́n.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1857, ọkọ̀ òyìnbó kan tí a ń pè ní Dayspring, tí ó ń gòkè bọ̀ lórí Odò Ọya, odò ńlá tí ìpínlẹ̀ wa jogún orúkọ tí òyìnbó ń pè é, forí sọ àpáta nítòsí Jẹ́bà, ó sì fọ́. Dókítà Baikie ni olórí ìrìn àjò náà. Glover, ẹni tí ó padà wá di gómìnà l'Ékòó, wà nínú wọn. Àlùfáà dúdú kan sì wà pẹ̀lú wọn, Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther, Àjàyí Ògídí Olú, ọmọ bíbí Òṣoògùn, ẹni tí àwọn akónilẹ́rú kó lọ ní ọdún 1821, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun ní ọdún 1822, tí ó ṣe ìrìbọmi ní Freetown ní ọdún 1825, tí a sì fi joyè àlùfáà ní ọdún 1843. Nígbà tí wọ́n ń retí ọkọ̀ mìíràn tí yóò wá gbé wọn, Àjàyí kò ká ọwọ́ gbera. Rábà, ìlú Nupe tí ó ṣì wà ní ìpínlẹ̀ wa títí di òní, ni ó mú ní ibùdó. Ó ń bá tọmọdé tàgbà tàkúrọ̀sọ, ó sì ń kọ ọ̀rọ̀ Nupe sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni ìwé gírámà èdè Nupe tí ó gbé jáde ní ọdún 1864 kò ṣẹ̀yìn irú ìjókòó bẹ́ẹ̀.

Òun àti Baikie ti lọ kí àwọn ọba Nupe ní Bida, Usman Zaki àti Masaba, mùsùlùmí gidi, wọ́n sì gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Wọn kò gba ẹ̀sìn rẹ̀, kò sì tìtorí ìyẹn bá wọn ṣọ̀tá. Ní ọdún 1872 ẹ̀wẹ̀, nígbà tí ó dé Ìlọrin, tí wọ́n sì ń bi í ní ìbéèrè nípa ìgbàgbọ́ rẹ̀, àríyànjiyàn kọ́ ni ó fi dá wọn lóhùn. Bíbélì lédè Yorùbá ni ó ṣí, ibi tí ìdáhùn wà ni ó ń kà sí wọn létí. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà ní ọjà Kúré ní Minna yìí, tí ìsọ̀ ẹlẹ́sìn kan kàn ti ẹlẹ́sìn kejì, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ọlọ́gbọ́n lásán ni ó lè ṣe irú èyí. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ìwà rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi nílò ẹni tí yóò máa sọ òótọ́ fún un. Àjàyí ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún: Henry Venn, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ ajíhìnrere C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀nù. Òyìnbó ni, ọ̀gá ni, Àjàyí sì wà lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rẹ́ méjì ti ń kọ̀wé sí ara wọn ni wọ́n ń kọ ọ́. Nígbà tí Venn fẹ́ kí Àjàyí di bíṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin náà kọ̀. Kò fẹ́ ipò tí yóò sọ òun àti àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ di ọ̀tá, bẹ́ẹ̀ ni Venn kò sì yéé rọ̀ ọ́ títí ó fi gbà, tí a fi fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 1864.

Ìbẹ̀rù Àjàyí kì í ṣe ìbẹ̀rù ojo. Henry Townsend, tí òun àti Àjàyí jọ kúrò ní Freetown láti wá gbé ìhìnrere lọ sí Abẹ́òkúta, nílé àwọn ọmọ Lísàbí, ti kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù láti nǹkan bí ọdún 1851 pé kò yẹ kí a fi ènìyàn dúdú ṣe olórí òyìnbó. Àwọn méjèèjì yìí jọ jìyà, wọ́n jọ sọdá ọ̀sà, wọ́n jọ wàásù lábẹ́ igi kan náà; ṣùgbọ́n ọjọ́ tí oyè yọjú ni a mọ̀ pé ìrìn àjọrìn kì í ṣe ìfẹ́. Kí ni àwọn àgbà Lọ́ńdọ̀nù sì ṣe? Wọn kò pe Townsend àti Àjàyí jókòó kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ náà. Dípò kí wọ́n pa ìjà, ààlà ni wọ́n pa: wọ́n fi Àjàyí ṣe bíṣọ́ọ̀bù lórí àwọn ilẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta àti ibi gbogbo tí òyìnbó ti ń ṣiṣẹ́ kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ni pé bíṣọ́ọ̀bù Yorùbá kìíní kò láṣẹ lórí ìjọ ilẹ̀ Yorùbá, ìlú tí ó ti tún fojú kan ìyá rẹ̀ Àfàlà lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n kò sì sí lábẹ́ ọ̀pá rẹ̀. Ìjà tí a kò parí kì í tán. Ó ń dúró de ọmọ tí kò mọ ìdí rẹ̀.

Venn kú ní ọdún 1873. Láti ìgbà náà lọ, Àjàyí ní ọ̀gá ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ní ọmọ iṣẹ́ lórí odò, ó ní olólùfẹ́ káàkiri Èkó, ṣùgbọ́n kò ní ẹnì kan mọ́ tí ó lè kọ̀wé sí i pé, "Bàbá, ibí yìí kò dára, ẹ tún un ṣe," kí ó sì dá a lójú pé ìfẹ́ ni ó sọ ọ́.

Mo ti sún mọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti le, n kò sì ní fò ó, nítorí ó ti mọ́ wa lára láti máa sọ ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Crowther bí ẹni pé ẹ̀bi gbogbo wà lọ́rùn òyìnbó. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Èkó ni Bíṣọ́ọ̀bù ń gbé, iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lórí odò tí ó jìnnà réré. Ọkọ̀ oníṣòwò ni ó ń wọ̀ lọ bẹ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wò, ìgbà tí oníṣòwò bá sì fẹ́ padà ni òun náà ń padà. Nígbà tí ọkọ̀ tí wọ́n fi sọ orí Henry Venn dé ní ọdún 1878, àkóso rẹ̀ kò bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹni tí kò lè bẹ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wò, ìròyìn tí ọmọ iṣẹ́ náà bá kọ ni yóò máa gbà gbọ́, Àjàyí sì jẹ́ ẹni tí ó máa ń gbà pé ènìyàn yóò tún ìwà ṣe bí a bá fún un láyè. Àwọn kan tún un ṣe. Àwọn mìíràn fi àyè náà ṣòwò, wọ́n fi mutí, wọ́n fi kó obìnrin jọ. Ní Oníṣà, òṣìṣẹ́ iṣẹ́ náà kan lu ọmọbìnrin kan tí ó wà lábẹ́ òrùlé rẹ̀ ní àlùpa, ẹjọ́ náà sì di ti ìgbìmọ̀ adájọ́ ní Freetown ní ọdún 1882, níbi tí a ti dá a lẹ́bi. Kò sí àwíjàre tí ó lè bo irú èyí. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ni.

Ọmọ bíbí inú Bíṣọ́ọ̀bù, Dandeson, sì ni ó jẹ́ ásídíákónì ní apá ìsàlẹ̀ odò. Ọkùnrin tí ó kájú òṣùwọ̀n ni Dandeson, ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà fi hàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá jẹ́ adájọ́ tí ọmọ sì jẹ́ olùdarí, ta ni ẹni tí a ṣẹ̀ yóò lọ fẹjọ́ sùn? Àwọn àgbà wa ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn, òwe tí ó tọ́ nínú ilé ni. Bí ó bá wọ inú ìjọ, Élì àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó ń bí.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ wà nígbà tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ajíhìnrere òyìnbó dé. Wilmot Brooke àti Robinson ni olórí wọn, Lọ́kọ́jà ni wọ́n fi ṣe ibùdó, ní ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé. Ẹ má ṣe rò pé ọmọ ìta ni wọ́n. Wọ́n ń gbààwẹ̀, wọ́n ń gbàdúrà. Wọ́n bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀, wọ́n wọ ẹ̀wù Haúsá. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ààbò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹni tí yóò bá pa àwọn nítorí ìhìnrere pa àwọn. Bí ó bá jẹ́ ìtara ni a fi ń mọ ìwà ni, kò sí ẹni tí ìbá tayọ wọn lórí Odò Ọya. Ṣùgbọ́n wọ́n wo iṣẹ́ tí àgbàlagbà kan ti fi ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe, wọ́n ní kò sí ẹyọ ohun rere kan nínú rẹ̀, wọ́n sì kọ ìdájọ́ náà ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n tó mọ orúkọ ìdajì àwọn tí wọ́n ń dá lẹ́jọ́.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó owó iṣẹ́ náà jókòó ní Oníṣà. Ẹ fojú inú wò ó: Bíṣọ́ọ̀bù ti lé ní ọgọ́rin ọdún, òun sì ni alága, àwọn tí ó lè bí ní ọmọ-ọmọ ni ó jókòó yí i ká, ìwé ẹ̀sùn wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń ka orúkọ àwọn àlùfáà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yọ wọ́n níṣẹ́. Wọ́n dé orí Dandeson. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà, Eden, ní òun dá Dandeson náà dúró. Àgbàlagbà náà béèrè bóyá akọ̀wé ìgbìmọ̀ ni ó láṣẹ láti dá àlùfáà dúró lójú bíṣọ́ọ̀bù. Ìdáhùn tí ó gbà kò ní ọ̀wọ̀ nínú. Ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891, ó dágbére fáyé l'Ékòó.

Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a ó fi fà á mọ́ra, bẹ́ẹ̀ sì ni òfin ilé wa wí kí òyìnbó tó gbé ìwé dé. Lórí Odò Ọya, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni Àjàyí ń lò, ọwọ́ òsì nìkan ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà mú wá. Lójú tèmi, ti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn burú jù, nítorí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ jù ṣì lè kọ́ líle, ṣùgbọ́n ẹni tí a ní kí ó fẹ́ni lójú tí ó fi ata sẹ́nu, ojú tí ó ti fọ́ kì í dúró dè é kó tó kọ́ ọgbọ́n. Robinson kú ní ọdún 1891, Brooke kú ní Lọ́kọ́jà ní ọdún 1892; àwọn náà kò rí èrè ìbáwí wọn. Èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ ni pé ó di ọdún 1952, nígbà tí A. B. Akínyẹlé di bíṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn, kí ọmọ ilẹ̀ wa tó tún di bíṣọ́ọ̀bù tí ó ní àgbègbè tirẹ̀. Ní ti Dandeson, àwọn ìjọ apá Délítà kò fi í sílẹ̀. Ní ọdún 1892 wọ́n gbé ìjọ tí wọ́n ń fi owó ara wọn bọ́ dìde lábẹ́ rẹ̀, láìkúrò nínú ẹ̀sìn Áńgílíkà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, nígbà tí ó pé àádọ́jọ ọdún tí wọ́n ti fi Àjàyí jẹ bíṣọ́ọ̀bù, Justin Welby, tí ó jẹ́ Áṣíbíṣọ́ọ̀bù Canterbury nígbà náà, ṣe ìsìn ìdúpẹ́ àti ìrònúpìwàdà nínú kàtídírà kan náà, ó sì tọrọ ìdáríjì fún ohun tí ìjọ rẹ̀ ṣe sí bàbá náà. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó dára.

Ní Minna ńkọ́? Ìlú tí ojú irin kó wa wá ni ìlú yìí. Gbàgyí ni onílẹ̀, Nupe, Haúsá, Yorùbá, Ígbò sì jọ ń gbé inú rẹ̀, nítorí náà ìjọ púpọ̀ ni kò lè wàásù láìní ògbufọ̀. Pásítọ̀ a sọ gbólóhùn kan lédè Yorùbá tàbí èdè òyìnbó, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ a sọ ọ́ di Haúsá. Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú àjọṣe tí ó wà nínú ìjọ kan, ẹ má wo pásítọ̀. Ògbufọ̀ ni kí ẹ wò. Pásítọ̀ kan wà, bí ògbufọ̀ bá ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ, yóò dúró díẹ̀, yóò tún gbólóhùn náà sọ lọ́nà tí ó rọrùn, ìjọ kò sì ní mọ̀ pé àṣìṣe wáyé. Òmíràn wà tí yóò yíjú sí i níwájú gbogbo ènìyàn pé, "Kì í ṣe ohun tí mo wí nìyẹn!" Ìjọ a rẹ́rìn-ín, ọ̀dọ́mọkùnrin náà á rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, òógùn á sì bo iwájú orí rẹ̀ bí ẹ̀rọ amúlétutù tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ṣé ẹni yìí ni yóò wá sọ fún pásítọ̀ lọ́jọ́ kejì pé àwọn obìnrin kan ń sunkún nínú ìjọ?

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn, ìgbìmọ̀ a jókòó nínú yàrá kékeré, akápò a ṣí ìwé, a ka owó ọrẹ àti owó ìdámẹ́wàá, a dé ibi tí a kọ pé wọ́n ná owó kan "fún ìrìn àjò", a sì yára kà á kọjá. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ rí i pé ó yára. Àgbà kan a wúkọ́. Bàbá ìjọ a ní kí a fi àdúrà kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà a sì jáde lọ sí ìdí ọkọ̀, sí ilé aláta, sí orí fóònù, níbi gbogbo tí ó lè dé àfi ọ̀dọ̀ ẹni tí ó kàn. Òtítọ́ dọ́jà ó kù tà, owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Olúwa wa fi ọ̀nà rẹ̀ lélẹ̀ kedere: kí o kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin rẹ ní ìwọ àti òun nìkan, bí kò bá gbọ́ kí o mú ẹnì kan tàbí méjì, ẹ̀yìn ìyẹn ni kí o tó sọ fún ìjọ. A ti da ètò yìí dorí kodò. Ìjọ ni a kọ́kọ́ ń sọ fún, ẹni náà ni ó ń gbọ́ gbẹ̀yìn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò dáhùn, nítorí a ti ń gbọ́ ọ ní Minna yìí lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà: pé ẹni àmì òróró kì í ṣe ẹni tí à ń fọwọ́ kàn. Dáfídì ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rí, ẹni tí ó bá Sọ́ọ̀lù nínú ihò àpáta ní Ẹ́ńgédì tí kò sì pa á. Òótọ́ ni, kò pa á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka ìtàn náà tán. Nígbà tí Sọ́ọ̀lù jáde, Dáfídì náà jáde tẹ̀ lé e. Ó wólẹ̀, ó dojú bolẹ̀, ó pè é ní bàbá, ó sì gbé etí aṣọ tí ó gé lára rẹ̀ sókè kí ó lè rí i, ó wá ka àìdára rẹ̀ sí i létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbangba, níbi tí àwọn ọmọ ogun lè gbọ́. Ọba náà gbé ohùn rẹ̀ sókè, ó sì sunkún.